Apá Òsì Ò Dún

Álítò ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìfàkọ̀. Álítò ni ohùn kejì, èyí tó máa ń rìn lábẹ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń kọ òkè. Bó bá dáa, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni gbogbo ìjọ máa ń yíjú wò wá, tí ìyàwó pásítọ̀ á máa wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó já wọlé.

Ọ̀gá akọrin wa ò ráyè kọ́ wa lórin lójúkojú mọ́. Ohun tó ń ṣe báyìí ni pé á jókòó sílé, á fi ẹnu ara rẹ̀ kọ gbogbo ohùn, ti obìnrin àti ti ọkùnrin, á da dùùrù àti ìlù lé e, á wá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ gbọ́ ohùn yín dáadáa o. Mi ò ní í kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ tá a bá pàdé." Èmi kì í gbọ́ nǹkan kan. Ìlù ni mo máa ń gbọ́, àti òkè. Álítò ti rì sábẹ́ wọn.

Íápíìsì tó bá fóònù mi wá ti kú lápá kan. Apá kejì kì í sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n wá fi èjìká ti okùn rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń jókòó nìyẹn nígbà oúnjẹ ọ̀sán ní iléeṣẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, láàárín Ìkẹjà àti Agége. Obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ọrùn ló ń dùn mí, ló bá ra róòbù wá fún mi. Mo gbà á. Mo sì fi pa ọrùn, torí pé nígbà yẹn ọrùn ti ń dùn mí lóòótọ́.

Ọkọ mi ní kí n kúrò nínú álítò, kí n lọ bá àwọn olóhùn òkè.

"Òkè ò le," ó ní. "Ẹ kàn máa ń pariwo ni."

Mo sọ fún un pé hẹdifóònù ni mo fẹ́ rà, èyí tó máa ń bo etí méjèèjì. Ó béèrè pé ṣé ìjọ ló máa san án. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, kí Ọlọ́run fi alubarika sí i, ó wá gbé fóònù tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù.

Owó tí mo ní lọ́wọ́ ò pọ̀. Irú owó tó jẹ́ pé téèyàn bá dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́jà, ọlọ́jà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Àǹtí, ẹ fi nǹkan kún un." Mi ò sì ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Torí náà, mo pinnu pé màá fi ìmọ̀ dí ibi tí owó kù sí. Mo wo àwọn fídíò orí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n fi ń yẹ hẹdifóònù wò. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ní irùngbọ̀n, tó máa ń di ojú kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn ti àkọ́kọ́ gbóná. Ó ní ti ìkejì tútù díẹ̀, àmọ́ ó láyè, atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀ dáadáa. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé ló ń bá èèyàn wá. Mo wò ó títí dáta mi fi tán, mi ò gbọ́ kó sọ bóyá èèyàn lè gbọ́ álítò nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bi àwọn ará ilé léèrè ni ọ̀rọ̀ náà ti dé etí onílé wa. Alhájì la máa ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iwájú ilé ló ń gbé, àwa ayálégbé wà lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá ọmọ wọn tó wà lókè òkun tọ́jú ọmọ tuntun. Láyé ọjọ́un, rédíò àti sípíkà ni Alhájì ń tà ní Agége. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pa ṣọ́ọ̀bù náà tì tipẹ́, kò tíì pa ẹnu tó fi ń tajà tì. Ọmọ rẹ̀ yẹn ló fi hẹdifóònù ńlá kan ránṣẹ́ sí i, dúdú, ó ń dán, awọ tó rọ̀ bíi bọ́tà ló yí ibi tó ń bo etí ká. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, Alhájì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, á gbé e lé orí fìlà, á máa gbọ́ wáàsí àti orin àwọn àgbà, á máa mi ẹsẹ̀.

Ó ti kọ́ gbogbo wa ní ẹ̀kọ́ nípa ohùn. "Hẹdifóònù gidi," ó máa ń sọ, "apá ọ̀tún ló ń gbé ohùn. Apá òsì, ìtìlẹ́yìn lásán ni. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ lára àwọn pàǹtí tí wọ́n ń tà níta."

A máa ń mi orí. Kò sẹ́ni tó gbé irú rẹ̀ sétí rí nínú wa, ó sì tún jẹ́ onílé.

Nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, ó pè mí.

"Ìyàwó, ìwọ nìkan? Wọ́n á rẹ́ ọ jẹ. Wọ́n á fún ọ ní ike òfìfo tí wọ́n kun lọ́dà. Màá tẹ̀ lé ọ."

"Alhájì, ẹ má ṣe wàhálà."

"Kì í ṣe wàhálà. Ó ti pẹ́ tí mo ti na ẹsẹ̀."

A lọ láàárọ̀ Sátidé. Alhájì wọ jalamíà funfun, ó gbé awòjú dúdú sójú, ó ń lọ níwájú, èmi ń tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó máa ń di ọwọ́ èèyàn mú lọ́jà yẹn, tí wọ́n ń béèrè bóyá a fẹ́ tún fóònù ṣe tàbí a fẹ́ tà á, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Alhájì. Wọ́n ń yà fún un bí ẹni pé ó wá yẹ ọjà wò. Inú mi dùn pé mo mú un wá.

Ṣọ́ọ̀bù tá a kọ́kọ́ yà, ọkùnrin kan tó yí iwájú fìlà rẹ̀ sẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Ó gbé hẹdifóònù pupa kan lé mi lórí kí n tó kí i tán, ó fi orin kan sí i, èyí tó ti wà nílẹ̀ fún irú èmi. Orin náà gbá mi létí débi pé eyín mi mì.

"Ẹ gbọ́ béèsì yẹn?" Kò dúró gbọ́ ẹnu mi, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ẹ gbọ́ ọ! Béèsì ẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn."

Mo yọ ọ́ kúrò lórí. Mo ní kó jẹ́ kí n fi orin tèmi dán an wò. Mo ki okùn rẹ̀ bọ fóònù mi, mo fi orin tí ọ̀gá akọrin wa fi ránṣẹ́ sí i. Ìlù nìkan ni mo ń gbọ́, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, orin ìjọ yìí ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀," ọkùnrin náà sọ. "Béèsì ò pọ̀ níbẹ̀."

"Èmi ò wá béèsì."

Ó wò mí bí ẹni tó wọ ilé ìjẹun tó wá ní òun ò fẹ́ oúnjẹ. "Ẹ ò wá béèsì? Kí wá lẹ fẹ́ máa gbọ́?"

Mo ní álítò. Ó ní irú ìyẹn ò tíì dé, pé kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Orúkọ tó wà lára páálí wọn jọ orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, àmọ́ lẹ́tà kan á ti ṣìnà wọ inú rẹ̀, tàbí kí ọ̀kan ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí mo bá tọ́ka sí i, ẹni tó ń tà á á ní ti tuntun ni wọ́n ń kọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló ní béèsì. Ọ̀kan tiẹ̀ ní iná pupa àti àwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, mo sì bi ẹni tó ń tà á léèrè pé ta ló máa rí iná náà nígbà tó bá wà lórí mi. Ó ní àwọn ọ̀tá mi.

Níkẹyìn, a dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, tó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Kò dìde. Kò fà wá. Ó kàn tọ́ka sí àwọn tó so kọ́ ara ògiri, ó ní ká dán èyí tó bá wù wá wò, ká má ṣáà fa okùn wọn já. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Alhájì mú ọ̀kan kí n tó na ọwọ́, ó ki okùn rẹ̀ bọ fóònù mi, níbi tí orin ọ̀gá akọrin wa ti ń dún. Ó gbé e lé orí, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó yọ ọ́.

"Apá òsì ò dún."

Obìnrin náà na òmíràn sí i. Alhájì gbé e sórí. "Èyí náà, apá òsì ò dún."

Òmíràn. Apá òsì ò dún. Àwọn oníbàárà méjì tó ń wo ọjà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Alhájì kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn tó fi ń polówó rédíò ní Agége ló fi ń dá ọjà obìnrin náà lẹ́bi. Bó ṣe gbé òmíràn kalẹ̀ pé òkú ni, àwọn oníbàárà yẹn kúrò.

Obìnrin náà gbé gúgúrú rẹ̀ sílẹ̀. "Alhájì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n dín owó kù, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ba ọjà mi jẹ́."

"Èmi? Mo ti ń ta sípíkà kí wọ́n tó bí ọ. Mo mọ ohun tó dún, mo mọ èyí tí ò dún."

"Gbogbo ohun tí mo kó wá, mo dán an wò nílé!"

"Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ nìyẹn."

Èmi ò fẹ́ dá sí i. Àmọ́ ohun kan ń gbé mi lọ́kàn, mo sì sọ ọ́. "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́. Ṣebí ẹ ní tiyín náà, apá ọ̀tún ló ń gbé ohùn?"

"Tèmi yàtọ̀," ó ní. "Tèmi, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Olówó gọbọi ni. Àwọn wọ̀nyí, bíbàjẹ́ ni wọ́n bàjẹ́."

Mo mú èyí tó bọ́ kẹ́yìn lórí rẹ̀. Ó burẹ́wà díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti eérú, fóòmù tín-ínrín ló fi bo etí. Mo gbé apá òsì sí etí ara mi. Ó ń dún. Ó ń dún ketekete, mo tiẹ̀ gbọ́ bí adìyẹ kan ṣe ké lẹ́yìn ọ̀gá akọrin wa nílé tó ti gba ohùn náà sílẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo ṣe dojú kọ Alhájì, mo na apá òsì náà sí i, ó sì bọ́ sí etí rẹ̀ ọ̀tún.

"Ẹ gbọ́ eléyìí, Alhájì."

Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹn-ẹn! Ṣó o rí i? Èyí ló dáa nínú gbogbo ẹ̀. Èyí ń dún."

"Alhájì, èyí tẹ́ ẹ ní ó ti kú ló wà létí yín yẹn."

Kò yé e. Ó gba hẹdifóònù náà lọ́wọ́ mi, ó wo lẹ́tà òsì àti ọ̀tún tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó gbé e sí etí ọ̀tún. Ó gbé e sí etí òsì. Ó tún gbé e padà sí ọ̀tún. Ó mú òmíràn lára ògiri, ó ṣe bákan náà. Obìnrin náà, tó ti ń múra ìjà, dìde. Ó fa àga ara rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní, "Alhájì, ẹ jókòó." Alhájì ò jókòó. Ó yọ awòjú dúdú, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Atẹ́gùn ló wọ̀ ọ́," ó ní. "Atẹ́gùn ọ̀nà yẹn pọ̀."

Ó yípadà, ó ń lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà, mo sáré tẹ̀ lé e.

Nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ kẹ́yìn, tó ń gbé wa lọ sílé, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo ń sọ fún un pé ó lè jẹ́ nǹkan kékeré, pé wọ́n ní dókítà etí dáadáa wà ní ọsibítù ìjọba. Ó ń wo iwájú. Ibẹ̀ ló wá yé mi. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yìí ti ń wo iwájú tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìgbéraga. Mo na ọrùn kọjá níwájú rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà sí apá ọ̀tún.

Ó yíjú sí mi. "Láti ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀, Alhájì. Àmọ́ ẹ rántí ìyá tó ń gbé yàrá kejì, tí kì í kí yín mọ́. Apá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà. Ó ní òun kí yín títí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, òun tiẹ̀ kúnlẹ̀, ẹ ò dá òun lóhùn."

"Ó kúnlẹ̀?"

"Ó kúnlẹ̀, sà."

"Mo rò pé òun ló dẹ́kun kíkí mi," Alhájì sọ. "Ìdí tí mo fi ní kó máa san owó ìgbálẹ̀ nìyẹn."

Bá a ṣe délé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní kí n bá òun lọ sí ọsibítù, kí n má sì sọ fún ayálégbé kankan. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Àwọn tó jókòó síta yàrá etí pọ̀, wọ́n sì ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pe orúkọ àwọn tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá pè á jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó gbọ́ á ti dìde torí pé ó rò pé òun ni wọ́n pè. Ibẹ̀ la wà títí oòrùn fi yí.

Nọ́ọ̀sì tó wo etí rẹ̀, obìnrin tó ti ń dàgbà, fi iná yẹ inú rẹ̀ wò. Ó mí kanlẹ̀.

"Alhájì, kí lẹ fi ń ro etí?"

"Ìyẹ́ adìyẹ."

"Kí tún ni?"

"Igi olówùú tí wọ́n ń tà nínú rọ́bà."

"Kí tún ni, sà?"

Alhájì wò mí, bí ẹni pé kí n jáde. Mi ò jáde. "Ìṣáná," ó ní. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà ò gbé iná kúrò, ó fi kún un pé, "Ìdérí bíírò nígbà míì."

Wọ́n fún un ní oògùn olómi tó máa fi rọ ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n ní ká padà wá. Nígbà tá a padà lọ, wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ etí náà. Ohun tó jábọ́ sínú abọ́ dúdú bíi kóró àgbálùmọ̀, òwú sì wà láàárín rẹ̀, òwú orí igi tó ti ṣẹ́kù síbẹ̀ tí kò sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì náà gbé e sójú Alhájì, bí àwọn agbẹ̀bí ṣe ń gbé ọmọ sójú ìyá. Dókítà ní kì í ṣe gbogbo ìgbọ́ràn náà ló máa padà, pé ọjọ́ orí ti mú díẹ̀ lọ, àmọ́ èyí tó kù tó fún un.

Ó tó, ó tún lé. Bá a ṣe jáde sí títì, fèrè ọkọ̀ kan dún, Alhájì sì di apá mi mú.

"Ṣé báyìí ni gbogbo yín ṣe ń gbọ́ Èkó?"

"Báyìí ni, sà."

"Ẹ sì ń sùn?"

Bá a ṣe wọ ẹnu ọ̀nà ilé, ẹ̀rọ tó ń fa omi, èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé wa lẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń bẹ Alhájì pé kó wá nǹkan ṣe sí ẹ̀rọ yìí. Ohun tó máa ń sọ fún wa ni pé ohùn rẹ̀ ò pọ̀, pé àwa ayálégbé òde òní la ò ní àmúmọ́ra.

"Kí nìyẹn?" Alhájì pariwo. "Ta ló ń lọ irin nínú ilé mi?"

"Pọ́ǹpù yín ni, Alhájì."

Kò dá mi lóhùn. Mo yẹ ara mi wò bóyá apá òsì ni mo dúró sí. Apá ọ̀tún ni. Ó kọjá sínú ilé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn oníṣẹ́ ti gbé pọ́ǹpù náà lọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n ti kọ́ ilé kékeré fún un. Alhájì sọ fún gbogbo ayálégbé pé òun ti ń rò ó tipẹ́.

Bákan náà ló ní kí ìyá tó ń gbé yàrá kejì má san owó ìgbálẹ̀ mọ́. Kò sọ ìdí. Obìnrin náà wá bá mi pé ṣé Alhájì ń ṣàìsàn ni. Mo ní ó ti yá.

Hẹdifóònù ńlá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá kù sí. Ó gbé e sórí ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sì fa ojú ro. "Wọ́n ti bà á jẹ́," ó sọ fún mi. "Apá méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ìgbà tí ìyá àti àbúrò ìyá bá ń bá èèyàn wí." Mo ní bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn. Ó ní bóyá. Ó gbé e sínú páálí rẹ̀, ó ń fi etí lásán jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Èmi nìkan ni mo padà lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń jẹ gúgúrú. Ó dá mi mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń gbọ́."

"Ẹ ṣé, Ọlọ́run," ó ní. "Kó má wá síbí mọ́."

Mo dán àwọn ọjà rẹ̀ wò bó ṣe yẹ kí n ti dán wọn wò lọ́jọ́ kìíní. Mi ò wo páálí, mi ò béèrè béèsì. Orin kan náà ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò, ibì kan náà sì ni mo ń tẹ́tí sí: ẹsẹ kejì, níbi tí àwọn olóhùn òkè ti máa ń gùn, tí álítò á sì dúró nílẹ̀. Àwọn tó wúwo, tó ń dán, ìlù gbé álítò mì nínú wọn. Àwọn tí kì í lo okùn wọ́n ju owó mi lọ, ohùn wọn sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Èyí tó burẹ́wà yẹn, aláwọ̀ eérú, òun ló tún jẹ́ kí n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ dùùrù níbì kan, mo gbọ́ ìlù níbòmíràn, álítò sì wà láàárín wọn bí ẹni tó jókòó sórí àga ara rẹ̀. Owó mi tó o. Obìnrin náà ní kí n fi nǹkan kún un. Mo ní Alhájì wà níta. Ó gba owó náà bó ṣe wà.

Mo gbé e sórí nínú iléeṣẹ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ọrùn mi nà ṣánṣán, ọkàn mi balẹ̀. Mo gbọ́ álítò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà ni mo tún un gbọ́, torí pé ohun kan ṣàjèjì. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà tí ọ̀gá akọrin wa ń kọ álítò, tó ń fi ohùn tín-ínrín ṣe bí obìnrin, ó dé ẹsẹ kejì, ó sì ṣìnà. Ó kúrò lórí álítò, ó gun òkè lọ bá àwọn tó kù, ó lo ìlà kan gbáko lọ́hùn-ún, ó sì yọ́ padà bí ẹni tí kò lọ síbì kankan. Gbogbo álítò inú ìjọ ti kọ́ àṣìṣe yẹn, àwọn tó gbọ́ ọ. Èmi tí mi ò gbọ́ ọ ló ku kí n kọ́ ọ, mo sì ti náwó sí i kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Mo sọ fún un níbi ìpàdé akọrin, jẹ́ẹ́jẹ́, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti ń lọ.

"Sísítà, ẹ̀rọ yín ló ń dà yín láàmú," ó ní. "Olówó pọ́ọ́kú nìyẹn. Wọn kì í gbé ohùn bó ṣe yẹ."

"Ẹ gbé e sétí, sà, kẹ́ ẹ gbọ́ ẹsẹ kejì."

Ó gbé e sétí. Mo dúró. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yípadà, mo sì rò pé ó ti gbọ́ ọ. Ó di ojú. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí orin náà parí, ó ní kí n tún fi í sí i.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ, sà?"

"Sísítà," ó ní, "mi ò mọ̀ pé ohùn mi dáa tó báyìí."

Ó yá hẹdifóònù náà lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ lọ fara balẹ̀ gbọ́ ọ nílé. Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá. Mo bi í léèrè, ó ní òun ṣì ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ara mi kọ̀ ọ́, mo lọ bá Alhájì, ó sì yá mi ní tirẹ̀ láìjẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ pẹ́. Mo gbé e sórí. Awọ rẹ̀ rọ̀, ó tù mí lára, ó dà bí ìgbà téèyàn gbé orí lé ìrọ̀rí. Mo fi ẹsẹ kejì sí i. Àṣìṣe náà ni mo gbọ́, kò yàtọ̀, àfi pé mo tún gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì kó tó gòkè.

Mo gbé fóònù mi àti hẹdifóònù Alhájì lọ sí ilé ọ̀gá akọrin fúnra mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ó rí bó ṣe tóbi, ó rí bó ṣe ń dán, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kó tó gbà á. Ó gbọ́ ẹsẹ kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Àṣìṣe wà níbẹ̀," ó ní.

"Ohun tí mo sọ fún yín nìyẹn, sà."

"Rárá, tiyín yẹn ò lè gbé e jáde. Olówó gọbọi ló lè gbé irú ẹ̀ jáde."

Mi ò bá a jiyàn. Mo gba tèmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé adìyẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó gbé fóònù sórí tábìlì láti tún álítò gbà sílẹ̀, ó ní kí n dúró ti òun kó má bàa tún ṣìnà. Ó kọ álítò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé ẹsẹ kejì, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo sì gbé ọwọ́ sókè. Ó dúró. Ó mu omi. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.